Nínú orúkọ, ọnà àti ìkòkò aró, èwo ni kí aládìrẹ kọ́kọ́ dáàbò bò?

Ìbéèrè: Ó ti di ọdún 9 tí mo ti ń ṣe àdìrẹ ní Abẹ́òkúta. Mo ti forúkọ iléeṣẹ́ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ènìyàn 7 ni wọ́n sì ń bá mi ṣiṣẹ́. Láti nǹkan bí ọdún kan báyìí ni mo ti ń rí ọnà tí èmi fúnra mi ronú kàn lára aṣọ ẹlòmíràn ní Ìtòkú, wọ́n tilẹ̀ ń fi fọ́tò aṣọ mi polówó ọjà tiwọn lórí Instagram. Ọkùnrin kan láti Kútọnu fẹ́ máa bá mi tà níbẹ̀, ó ní òun yóò bá mi forúkọ ọjà mi sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Àbúrò mi ní kí n lọ gba páténtì lórí gbogbo ọnà mi. Owó tí mo yà sọ́tọ̀ kò pọ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa, ẹ sì kú àforítì. Ìfẹ́ ni àbúrò yín fi bá yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe bí ó ti wí, owó tí ẹ yà sọ́tọ̀ yóò tán sí ẹnu ọ̀nà tí olè kì í gbà wọlé. Páténtì kò sí fún ọnà ara aṣọ. Ohun tuntun tí ènìyàn hùmọ̀, irú bí ẹ̀rọ tàbí ọ̀nà tuntun tí a ń gbà pèsè nǹkan, ni òfin Nàìjíríà ń fún ní páténtì, ọdún 20 ni ó sì ń wà, pẹ̀lú owó tí a óò máa san lọ́dọọdún kí ó má baà kú. Ọnà ní ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀, orúkọ ọjà ní tirẹ̀, fọ́tò àti àwòrán ní òfin mìíràn tó ń ṣọ́ wọn. Àṣírí ìkòkò aró kò sì ní ibi ìforúkọsílẹ̀ kankan, nítorí pé ohun tí a bá ti kọ sílẹ̀ fún ìjọba kì í ṣe àṣírí mọ́. Ohun-ìní ọgbọ́n orí ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo kò lè ti gbogbo wọn.

Kí a tó kan òfin rárá, ohun kan wà tí mo máa ń bi oníṣòwò tó bá wá sọ́dọ̀ mi: bí oníbàárà bá gbà láti san owó tó ju ti ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ yín lọ, kí gan-an ni ó san àlékún yẹn fún? Nínú lẹ́tà yín, tó gùn ju ohun tí a tẹ̀ sókè yìí lọ, ẹ sọ pé àwọn oníbàárà láti Èkó ti ń dárúkọ yín kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Pé aró yín kì í ṣí, bí ó ti wù kí wọ́n fọ aṣọ náà tó. Àti pé ọnà tuntun kan kì í tà ju bí oṣù 6 lọ kí ojú ayé tó mọ́ ọn lára, kí wọ́n tún béèrè òmíràn. Ẹ ti dáhùn ìbéèrè ara yín láìmọ̀. Orúkọ yín ń dàgbà lójoojúmọ́, àṣírí aró yín ń pa owó wọlé láìpariwo, ọnà yín ní tirẹ̀ sì ń gbó kíákíá. Ẹni tó bá wá kó owó díẹ̀ tó ní lé orí ohun tó ń gbó, tó fi ohun tó ń dàgbà sílẹ̀ ní gbangba, ti ṣì í ṣe, ìwé ẹ̀rí tó bá gbà ìbáà kún àpótí.

Nítorí náà, orúkọ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ óò sọ pé CAC ti ṣe ìyẹn. Ohun tí CAC ṣe fún yín ni pé ó jẹ́rìí pé iléeṣẹ́ yín wà, kí ẹ lè fi orúkọ náà ṣí àkáǹtì ní báńkì, kí ẹlòmíràn má sì tún fi irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀. Kò fún yín ní agbára láti dá ẹni tó bá lẹ orúkọ náà mọ́ aṣọ tirẹ̀ lẹ́kun. Ọ́fíìsì àmì òwò ní Àbújá, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní Trademarks Registry, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣòwò, ni a ti ń gba agbára yẹn. Òfin àmì òwò wa, tó ti wà láti ọdún 1965, là á sílẹ̀ pé ẹni tí kò bá forúkọ àmì rẹ̀ sílẹ̀ kò lè pe ẹjọ́ pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ àmì náà lójú. Ohun tó kù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ó fẹ̀sùn kan ẹnì kejì pé ó ń ta ọjà tirẹ̀ bí ẹni pé ọjà òun ni, kí ó sì wá máa kó ẹ̀rí jọ pé aráyé mọ òun mọ orúkọ náà. Ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé jẹ, àmọ́ owó àti ọdún ni ó ń jẹ. Bí ọ́fíìsì náà bá gba ìwé yín wọlé, wọn óò kéde àmì náà nínú ìwé ìròyìn wọn, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ takò ó sì ní oṣù 2. Bí kò bá sí atakò, ìwé ẹ̀rí yín yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 7 láti ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé, ẹ óò sì lè máa sọ ọ́ dọ̀tun ní ọdún 14, 14. Nínú gbogbo ohun tí ẹ lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, òun nìkan ni ọjọ́ orí rẹ̀ kò lópin.

Ìsọ̀rí-ìsọ̀rí ni a ń forúkọ sílẹ̀, ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan sì ní owó tirẹ̀. Ìsọ̀rí 24 ni ti aṣọ tí a kò tíì rán. Ìsọ̀rí 25 ni ti aṣọ rírán, bàtà àti fìlà. Ẹ̀yin ń ta aṣọ ní ọ̀pá-ọ̀pá, ẹ sì ń rán bùbá àti àgbádá. Ẹ mú méjèèjì, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi ti ọṣẹ àti ti ilé oúnjẹ kún un nítorí ọ̀la, ẹ rántí pé àmì tí a kò bá lò fún ọdún 5 léraléra, ẹlòmíràn lè béèrè pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nípa orúkọ náà fúnra rẹ̀. Oríkì yín ni ẹ fi sọ ọ́, ẹ wá fi “Àdìrẹ Abẹ́òkúta” tì í lẹ́yìn. Òfin kì í jẹ́ kí ẹnì kan dá orúkọ ìlú ní, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó dá ọ̀rọ̀ tó kàn ń júwe ọjà ní, nítorí pé gbogbo aládìrẹ Abẹ́òkúta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé àdìrẹ Abẹ́òkúta ni àwọn ń tà. Apá ọ̀rọ̀ yẹn yóò wà lára àmì yín, ṣùgbọ́n ẹ óò fọwọ́ sí i pé kì í ṣe tiyín nìkan. Oríkì ni agbára wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n oríkì tó wọ́pọ̀ ni, ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ń jẹ́ ẹ. Ohun tí òfin gbà ni orúkọ ènìyàn tí a kọ lọ́nà àrà ọ̀tọ̀, bí irú èyí tí ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn yà fún yín, tó fi ìrù lẹ́tà ìparí ṣe abẹ́rẹ́ àti okùn. Ẹ fi àwòrán náà sí ìwé bí ó ti rí.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ṣé ọ̀dọ́kùnrin náà bu ọwọ́ lu ìwé kankan fún yín? Ẹ ti sanwó fún un, mo gbà. Síbẹ̀, lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ (copyright) ti ọdún 2022 tí a ń lò báyìí, ẹni tí a gbé iṣẹ́ fún láti òde ni ó ni ẹ̀tọ́ àwòkọ lórí ohun tó yà, àfi bí ìwé bá wà tó sọ ohun mìíràn. Owó tí ẹ san fi yín sípò ẹni tó lè lo àwòrán náà. Kò sọ yín di ẹni tó ni ín. Ẹ bá a wí pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ojú kan pé ó ti gbé gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún yín, kí ó fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí kan wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ òní, ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè ná yín ju owó mótò àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan lọ. Ẹ dúró di ìgbà tí aṣọ yín bá dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹ óò rí iye tí yóò béèrè.

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí pé ó kan àwọ̀ àti ìdì ọjà. Ferodo, tó ń ṣe páàdì bíréèkì ọkọ̀, pe iléeṣẹ́ Ibeto lẹ́jọ́ pé páálí tí Ibeto fi ń ta bíréèkì Union jọ páálí tàwọn. Ọdún 2004 ni ẹjọ́ náà parí ní Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, Ferodo sì pòfo. Ohun tí ilé-ẹjọ́ wò ni ohun tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀: orúkọ FERODO ni wọ́n fi sílẹ̀, páálí kò sí níbẹ̀, orúkọ Union kò sì jọ Ferodo. Ẹ̀yin ń fi ọ̀rá aláwọ̀ ewé tó ní ìlà funfun di aṣọ yín, ẹ sì sọ pé láti òkèèrè ni àwọn oníbàárà ti ń dá ọ̀rá náà mọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ forúkọ ìdì yẹn náà sílẹ̀ bí àmì lọ́tọ̀, nígbà tí owó kejì bá wọlé.

Ẹ sì jẹ́ kí orúkọ wà lára aṣọ gan-an. Lébẹ̀ẹ̀lì bébà tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ ọn, télọ̀ ni yóò kọ́kọ́ ya á sọnù. Bí ẹ bá fi ìda kọ orúkọ sí etí aṣọ kí ẹ tó rẹ ẹ́ sínú aró, ní ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, yóò hàn ní funfun lára àwọ̀ aró náà, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ayédèrú rẹ̀ yóò ní láti kọ orúkọ yín pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìwé ẹ̀rí Àbújá tó wúlò fún ẹjọ́, ní Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀, níbi tí irú ẹjọ́ yìí ń lọ.

Èyí tó kàn ni ìkòkò aró. Ẹ má gba páténtì lórí rẹ̀, kódà bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ó ṣeé gbà. Ẹni tó bá gba páténtì ní láti ṣàlàyé iṣẹ́ náà pátápátá fún gbogbo ayé, lẹ́yìn ọdún 20 ó di ti gbogbogbòò. Bẹ́ẹ̀, ní Nàìjíríà, ìwé ni ọ́fíìsì páténtì ń yẹ̀ wò bóyá ó pé, kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun náà jẹ́ tuntun ní tòótọ́, nítorí náà ilé-ẹjọ́ lè fagi lé e lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù. Àṣírí tí ẹ pa mọ́ kò ní ọjọ́ orí. Ẹ kọ̀wé pé nínú àwọn 7 tó ń bá yín ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ni ó mọ bí ẹ ṣe ń po ẹ̀lú pọ̀ mọ́ eérú, àti iye kọ́sítíìkì tí ẹ ń fi sí i. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́; ògiri tiyín ti la ẹnu 7. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, kí ẹ̀yin àti ẹnì kan péré máa wọn èròjà ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá tí ẹ kọ nọ́ńbà sí, ọ̀rá 1, ọ̀rá 2, ọ̀rá 3. Kí àwọn tó wà nídìí ìkòkò mọ̀ pé ọ̀rá 2 ni ó ń tẹ̀ lé ọ̀rá 1, kí wọ́n má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí ọmọ iṣẹ́ tuntun fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní tú àṣírí ìpò aró kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gbòmìnira. Ẹ má sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣe àdìrẹ mọ́ láyé. Ilé-ẹjọ́ kì í fẹ́ràn ìwé tó bá gba oúnjẹ lẹ́nu ènìyàn, irú àṣejù bẹ́ẹ̀ sì lè ba gbogbo ìwé náà jẹ́.

Nísinsìnyí, ọnà, tó jẹ́ pé òun ni ó dùn yín jù. Mo mọ̀ bí ó ti rí kí ènìyàn bá ohun tó fi òru rò ní ọrùn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a pín in. Àwọn ọnà àtijọ́ bí Ìbàdàndùn, tó ní àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú, bí Olókun, bí Ọlọ́ba tí wọ́n yà fún àjọ̀dún ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1935, ogún gbogbo wa ni wọ́n jẹ́. Kò sí ẹni tó lè forúkọ wọn sílẹ̀ lónìí, ẹ̀yin náà kò sì lè bínú sí ẹni tó bá ń yà wọ́n. Ẹ sọ pé 11 nínú ọnà 20 tí ẹ kọ fún mi ni ẹ mú láti ara wọn, tí ẹ kàn yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ gbàgbé àwọn 11 yẹn.

Àwọn 9 tó kù jẹ́ tiyín, ṣùgbọ́n òfin páténtì àti ọnà ti ọdún 1970 ní ìlànà kan tó le: ọnà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun lọ́jọ́ tí a bá mú un lọ sí ọ́fíìsì, èyí tó túmọ̀ sí pé ará ìta kò gbọdọ̀ tíì rí i. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jìn sí nìyẹn. Obìnrin kan tó ń ṣe àpò awọ gbé àpò 12 sí orí Instagram nínú oṣù Kejìlá, ó wá sọ́dọ̀ mi nínú oṣù Kejì; ó di dandan kí n sọ fún un pé ìlẹ̀kùn ti tì, pé òun fúnra rẹ̀ ni ó sì tì í. Òfin dárí ji ẹni tó fi ọnà rẹ̀ hàn níbi ìpàtẹ ọjà tí ìjọba fọwọ́ sí, bí kò bá tíì ju oṣù 6 lọ, ṣùgbọ́n Instagram kì í ṣe ìpàtẹ ìjọba. Nítorí náà, 7 tí ẹ ti ń tà láti èṣín ti lọ. Méjì tí ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sínú ìwé, tí ẹ fẹ́ gbé jáde fún Iléyá, nìkan ni ó kù.

Ṣé kí ẹ wá forúkọ méjì yìí sílẹ̀? Ọdún 5 ni ìforúkọsílẹ̀ ọnà ń wà, a sì lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì, kí ó di 15 lápapọ̀. Fún ọnà tí ọjà rẹ̀ kò ní ju oṣù 6 lọ, owó ìnákúnàá ni. Bí èmi bá jẹ́ ẹ̀yin, èyí tó ní ẹyẹ àkàlà nìkan ni n óò fi sílẹ̀, nítorí ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí ó di ọnà tí a óò máa fi dá iléeṣẹ́ yín mọ̀, tí ẹ óò máa yà lọ́dọọdún ní àwọ̀ mìíràn. Èkejì, ẹ jẹ́ kí ó yára jáde, kí ẹ tà á dáadáa, kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn kí àwọn ará Ìtòkú tó rí i yà. Ìyára náà jẹ́ ọ̀nà ààbò, kò sì sí owó ọ́fíìsì lórí rẹ̀. Ẹ kàn má gbé àkàlà sórí ìsọfúnni WhatsApp kí ìwé tó wọlé.

Ní ti fọ́tò, ibẹ̀ ni ẹ ti lè rí ìtura kíákíá. Ẹ̀tọ́ àwòkọ kò nílò ìforúkọsílẹ̀. Gbàrà tí a bá ti ya fọ́tò ni ó ti wà. Òfin 2022 sì fún ẹni tó ni ín láyè láti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n yọ ohun tí wọ́n jí gbé kúrò. Èyí tí ọmọ yín fi fóònù yà, òun ni ó lè kọ ẹ̀sùn náà. Èyí tí afọ́tò yà, afọ́tò ni ó ni ín, bí kò bá sí ìwé, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀dọ́kùnrin kọ̀ǹpútà. Ìwé ojú kan náà ni yóò yanjú rẹ̀. Fún ẹ̀sùn lórí orúkọ ọjà, Instagram yóò béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ yín, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kí orúkọ ṣíwájú.

Ẹ tún béèrè bóyá ẹgbẹ́ aládìrẹ lè pawọ́ pọ̀ kọjú ìjà sí aṣọ àtẹ̀ tí wọ́n ń kó wọlé láti òkèèrè, tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ. Ó ṣeé ṣe, nípa àmì ìjẹ́rìí tí abala 43 òfin àmì òwò fàyè gbà: ẹgbẹ́ yóò gbé ìlànà kalẹ̀ pé aṣọ tí a fi ọwọ́ di tàbí fi ẹ̀kọ yà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá nìkan ni ó lè gbé àmì náà. Ẹni tó bá ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ẹni tó ni àmì ìjẹ́rìí rẹ̀, nítorí náà ẹgbẹ́ ní láti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú títà. Àwọn àgbẹ̀ ata Penja ní Kamẹrúùnù ṣe ohun tó jọ ọ́, wọ́n sì gba ìforúkọsílẹ̀ orúkọ ìlú wọn mọ́ ata wọn ní ọdún 2013. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìpàdé púpọ̀ ni. Owó tí ẹ yà sọ́tọ̀ yìí kò wà fún un.

Ọkùnrin Kútọnu ni mo fi sẹ́yìn, nítorí pé òun ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bà yín lẹ́rù. Ìwé ẹ̀rí Àbújá kò kọjá Sẹ̀mẹ̀. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú OAPI, àjọ tó ń forúkọ irú nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Yaoundé, tó sì ní orílẹ̀-èdè 17. Ìforúkọsílẹ̀ kan níbẹ̀ ká gbogbo wọn fún ọdún 10, Nàìjíríà kò sì sí lára wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi àmì sílẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n kà sí ẹni tó ni ín. Bí alágbàtà yín bá fi í sílẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, ì báà jẹ́ inú rere, òun ni oníǹkan láti Kútọnu títí dé Dàkáà, lọ́jọ́ tí ìjà bá sì dé, ẹ̀yin ni wọn óò pè ní ayédèrú. Ó lè jẹ́ ènìyàn dáadáa. Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́, tó bá kú?

Ẹ dá a lóhùn pé inú yín dùn, pé ẹ ti gbà kí ó máa ta ọjà yín fún ọdún kan, ní Kútọnu àti Pọ́tò-Nóòfò nìkan, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn náà pé kò gbọdọ̀ forúkọ àmì náà sílẹ̀ níbikíbi, àti pé gbogbo orúkọ rere tí ọjà náà bá ní lọ́hùn-ún tiyín ni. Láti ọjọ́ tí ìwé yín bá wọ Àbújá, ìwé àdéhùn Paris, àdéhùn àgbáyé lórí ohun-ìní ọgbọ́n orí, tí Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ jọ wà nínú rẹ̀, fún yín ní oṣù 6 láti béèrè ní Yaoundé kí wọ́n sì ka ọjọ́ Àbújá sí ọjọ́ tí ẹ dé. Ẹ fi èrè ọjà Iléyá san ìyẹn. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ fi aṣọ ránṣẹ́ sí i bí ó bá ti sanwó, ṣùgbọ́n ẹ má fi fáìlì àmì náà ránṣẹ́ sí i, bó ti wù kí ó sọ pé òun fẹ́ fi tẹ káàdì tó.